Owó jẹ́lé-ó-sinmi tí ìjọba Ọsirélíà ń bá òbí san: ẹ ṣọ́ra fún 90% yẹn o

Okun o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ní Ọsirélíà báyìí, láti Kàbà, láti Ìsánlú, láti Mọpa, láti Ìjùmú, àwọn nọ́ọ̀sì ti lọ, àwọn tíṣà ti lọ, àwọn ẹnjiníà náà ti lọ, wọ́n sì ti ń bímọ síbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò lónìí ni ètò kan tí wọ́n ń pè ní Child Care Subsidy, ìyẹn owó tí ìjọba ibẹ̀ ń bá òbí san lára owó jẹ́lé-ó-sinmi, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìṣirò tó wà lórí ìkànnì Starting Blocks tẹ́ ẹ lè fi mọ iye tó máa kàn yín. Èmi ni mo ń gba owó ní ilé ìwé kan níbí ní Kàbà, a ní kíláàsì àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, torí náà ọ̀rọ̀ kí òbí máa wá owó jẹ́lé-ó-sinmi, ojú mi ló ń ṣe. Àbúrò mi obìnrin àti ọkọ ẹ̀ wà ní Melbourne pẹ̀lú ọmọ méjì, lórí Wásáàpù la ti jọ ṣe ìṣirò ọ̀hún látìbẹ̀rẹ̀ dópin, mo sì ka òfin ẹ̀ dáadáa kí n tó jókòó kọ èyí.

Kí n sọ èrò mi ṣáájú. Ètò náà dáa, ó dáa gan-an, mo fẹ́ kí gbogbo ìdílé tó bá tọ́ sí lọ gbà á. Àmọ́ 90% tí gbogbo èèyàn ń pariwo yẹn, pé ìjọba á san 90% owó náà fún ìdílé tí owó tó ń wọlé fún un kò pọ̀, ń ṣi àwọn òbí lọ́nà. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á rò pé tí jẹ́lé-ó-sinmi bá ń gba 150 dọ́là lójúmọ́ lórí ọmọ kan, 15 dọ́là péré ló máa jáde lápò òun. Fún ọ̀pọ̀ ìdílé kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, wọ́n á ti fi ìyẹn ṣètò owó ilé, owó mọ́tò, owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sílé, kí bíìlì tó wá dé.

Ohun tó fà á ni pé ìjọba yẹn kì í wo ọjọ́, wákàtí ni wọ́n ń wò. Wọ́n ti fi ààlà sí iye tí wọ́n gbà pé wákàtí kan yẹ kó jẹ́. Fún ọmọ tí kò tíì wọ ilé ìwé, tó ń lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi ńlá tó ń ṣí látàárọ̀ dalẹ́, 14.63 dọ́là ni ààlà ọ̀hún fún ọdún tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Keje 2025. Ọmọ tó ti wọ ilé ìwé, 12.81. Tó bá jẹ́ ẹni tó ń tọ́jú ọmọ nínú ilé ara ẹ̀ tí ìjọba sì fọwọ́ sí i, 13.56. Tí owó wákàtí tí jẹ́lé-ó-sinmi yín ń gbà bá kéré sí ààlà yìí, iye tí wọ́n ń gbà gan-an ni wọ́n á fi ṣírò. Tó bá ju ààlà lọ, ààlà ni wọ́n á fi ṣírò, èyí tó lé lórí ẹ̀ di tiyín pátápátá, kò sí 90% kankan lórí ìyẹn.

Ẹ mú bírò ká jọ ṣe é. 150 dọ́là lójúmọ́, wákàtí mẹ́wàá, ìyẹn 15 dọ́là wákàtí kan. Ó ti ju ààlà lọ díẹ̀. Ìjọba á mú 14.63, wọ́n á sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́wàá, ó di 146.30, wọ́n á wá mú 90% ẹ̀, ó di 131.67. Òbí á san 18.33. Ìyàtọ̀ yẹn kò tíì pọ̀, àbí? Ẹ wá lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi tó ń gba 180 lójúmọ́ fún wákàtí mẹ́wàá kan náà. Ìjọba kò ní fi kọ́bọ̀ kún tiwọn, 131.67 yẹn náà ni, òbí á san 48.33. 90% tí wọ́n ṣèlérí ti di bíi 73% nìyẹn, bẹ́ẹ̀ owó tó ń wọlé fún ìdílé náà kò yí padà, ọmọ kò yí padà, ibi tí wọ́n mú ọmọ lọ nìkan ló yàtọ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àbúrò mi gan-an nìyẹn, ní jẹ́lé-ó-sinmi kan tí mi ò ní dárúkọ. Wọ́n ní 90%, 90%, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ ààlà wákàtí fún un títí bíìlì àkọ́kọ́ fi dé, ó sì pè mí lóru ọjọ́ yẹn pé, Sìsí mi, ẹ bá mi wò ó, owó yìí ò pé.

Èyí tó tún jinlẹ̀ jù ú lọ ni iye wákàtí tí jẹ́lé-ó-sinmi ń tà fún yín lóòjọ́. Àwọn kan ń ta wákàtí mẹ́wàá, àwọn kan ń ta méjìlá, bí ẹ bá tiẹ̀ gbé ọmọ lọ láago mẹ́jọ tẹ́ ẹ sì gbé e láago mẹ́rin, méjìlá yẹn ni wọ́n máa kọ sílẹ̀. Ó dà bíi kẹ́ ẹ lọ ra iṣu lọ́jà kí wọ́n wá di òkìtì tó tóbi ju ohun tẹ́ ẹ máa jẹ lọ fún yín. Kì í ṣe pé méjìlá burú ní gbogbo ọ̀nà o. 150 tá a pín sí wákàtí méjìlá, 12.50 ni wákàtí kan, kò dé ààlà rárá, torí náà 90% lórí gbogbo ẹ̀ ni, ìjọba á san 135, òbí á san 15 dọ́là gẹ́gẹ́ bó ṣe rò. Ẹ ò rí i bó ṣe rí? Owó ojúmọ́ kan náà, 150 kan náà, iye wákàtí tí wọ́n kọ síwèé ló yí nǹkan padà. Àmọ́ wákàtí tí ìjọba máa bá yín san ní ọ̀sẹ̀ méjì ní òṣùwọ̀n, tẹ́ ẹ bá fi méjìlá méjìlá jẹ ẹ́, kíá ló máa tán.

Òṣùwọ̀n ọ̀hún wá rèé. Láti ọjọ́ karùn-ún oṣù Kìíní ọdún 2026, gbogbo ìdílé tó tọ́ sí ètò yìí ló ní ó kéré tán wákàtí 72 ní ọ̀sẹ̀ méjì fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, bí òbí ń ṣiṣẹ́, bí kò ṣiṣẹ́. Tí àwọn òbí bá ń ṣiṣẹ́ tàbí ń kẹ́kọ̀ọ́ fún ohun tó ju wákàtí 48 lọ ní ọ̀sẹ̀ méjì, ó di 100. Tó bá jẹ́ tọkọtaya, ẹni tí wákàtí iṣẹ́ ẹ̀ kéré jù ni wọ́n ń wò, torí náà kí bàbá máa ṣiṣẹ́ tọ̀sántòru kò lè sọ 72 ìyàwó di 100. Ilé ìwé wà nínú ẹ̀, kíkọ́ṣẹ́ wà nínú ẹ̀, wíwá iṣẹ́ náà wà nínú ẹ̀, kódà kéèyàn máa ṣiṣẹ́ láìgbowó nínú òwò ìdílé. Ṣáájú 2026 nǹkan le ju báyìí lọ, ìyá tí kò tíì rí iṣẹ́ lè má rí ju wákàtí 24 lọ, àwọn míì kò tilẹ̀ rí nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ báwo lẹni tó gbé ọmọ pọ̀n ṣe fẹ́ lọ síbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò? Inú mi dùn gan-an pé wọ́n yí ìyẹn padà, ẹni tó bá ti wá iṣẹ́ ní ìlú àjèjì pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́ á mọ ohun tí mò ń sọ.

Ẹ wá fi òṣùwọ̀n yẹn kọ lu wákàtí méjìlá. 72, tẹ́ ẹ bá ń lo méjìlá lóòjọ́, ọjọ́ mẹ́fà péré ní ọ̀sẹ̀ méjì, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ kan. Tẹ́ ẹ bá ń lo mẹ́wàá, ọjọ́ méje ló máa gbà kí díẹ̀ sì tún ṣẹ́ kù. Fún ẹni tó ní 100, mẹ́wàá lóòjọ́ máa gbé e láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè ọ̀sẹ̀ méjèèjì láìkù síbì kan. Tó bá jẹ́ méjìlá, wákàtí 120 lẹ máa nílò, 20 tó lé lórí 100 yẹn, ẹ̀yin lẹ máa san gbogbo owó ẹ̀. Mo ti rí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kára lójoojúmọ́ tí èyí ń ṣẹlẹ̀ sí, tó ń rò pé ìjọba ló ń rẹ́ òun jẹ. Torí náà kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé, ẹ bi jẹ́lé-ó-sinmi bóyá wọ́n ní wákàtí mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní in.

Ó wá kan owó tó ń wọlé. Wọ́n á ro ti ọkọ àti ti ìyàwó pọ̀. Fún ọdún tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Keje 2025 yẹn náà, ìdílé tí àpapọ̀ ẹ̀ lọ́dún kò bá ju 85,279 dọ́là lọ, 90% nìyẹn. Lẹ́yìn ìyẹn, 5,000 dọ́là kọ̀ọ̀kan tó bá lé, wọ́n á yọ 1% kúrò, ìdílé tó ń rí bíi 135,000 á bọ́ sí bíi 80%, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ sílẹ̀ títí dé 535,279 níbi tó ti máa di òdo. Apá tí mo fẹ́ràn jù nìyí. Kò sí ibì kan tí òbí máa ti rí àfikún owó kékeré lẹ́nu iṣẹ́ kí gbogbo ìrànwọ́ ẹ̀ wá já bọ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ní England, tí owó ọ̀kan nínú àwọn òbí bá ti ju 100,000 pọ́n-ùn lọ lọ́dún, wákàtí ọ̀fẹ́ 30 tí wọ́n ń fún òbí tó ń ṣiṣẹ́ ti lọ nìyẹn, kódà kó jẹ́ pé pọ́n-ùn kan ló fi lé. Ti Ọsirélíà yìí ń rọra sọ̀kalẹ̀ ni, mo gbà pé òun ló bá ẹ̀tọ́ mu jù. Láti oṣù Keje 2018 tó ti bẹ̀rẹ̀, 85% ló ga jù nínú ẹ̀, ní oṣù Keje 2023 ni wọ́n sọ ọ́ di 90.

Owó tí wọ́n ń rò yìí, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe owó oṣù nìkan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ́ ilé sí Kàbà tàbí Lọ́kọ́ja tẹ́ ẹ sì fi ayálégbé sí i, owó ilé yẹn wà nínú ẹ̀, torí owó tó wọlé láti òkè òkun wà lára ohun tí wọ́n ní kí ẹ kéde. Ẹ má gbà á lérò pé Kàbà jìnnà sí wọn. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti kéde owó tó wọlé fún yín nítorí owó orí lọ́dún, wọ́n á fi í wé ohun tẹ́ ẹ ti fojú bù fún wọn tẹ́lẹ̀ pé ó máa wọlé, tó bá lé, ó lè di gbèsè.

Ibi tó dùn mí jù lọ nínú gbogbo ẹ̀ wà níbí. Owó ilé wọlé, wọ́n kà á. Àmọ́ owó tó ń jáde padà wá sílé, wọn ò kà á. Àbúrò mi ń fi owó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ránṣẹ́ sí bàbá wa lóṣooṣù, ó ń san owó ilé ìwé ọmọ ẹ̀gbọ́n wa tó ṣaláìsí, tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n náà kò bá rí nǹkan fi ṣe oko, òun náà ni. Nínú ìṣirò yìí, gbogbo ìyẹn dà bíi pé kò sí. Ọkọ, ìyàwó, ọmọ, ó parí. Mo mọ̀ pé òfin ìlú wọn ni, mo sì mọ̀ pé kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ wá ka gbogbo ẹbí wa, àmọ́ ìdílé méjì tí wọ́n jọ ń gba 120,000, tí ọ̀kan ń jẹ gbogbo ẹ̀, tí ìkejì ń fi lára ẹ̀ gbọ́ bùkátà agbo ilé kan ní Ìjùmú, wọn kò dọ́gba, bíi 83% kan náà ni wọ́n sì máa fún wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé tẹ́ ẹ máa ń sọ pé wọ́n ń gbowó lọ́wọ́ ìjọba, ìjọba ló ń bá wọn tọ́mọ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Fún ẹni tó ní ju ọmọ kan lọ, ìròyìn ayọ̀ wà. Tí ọmọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá wà ní jẹ́lé-ó-sinmi tí gbogbo wọn sì jẹ́ ọdún márùn-ún sísàlẹ̀, àgbà á gba iye tó kan ìdílé, àwọn àbúrò ẹ̀ á gba jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè dé 95%. Ìdílé 135,000 tá a sọ lẹ́ẹ̀kan, àgbà 80%, àbúrò 95%. Tí méjèèjì bá ń lọ síbi 150 dọ́là wákàtí mẹ́wàá, ti àgbà á kù bíi 33 dọ́là, ti àbúrò bíi 11, ìyẹn bíi 44 dípò 300 lóòjọ́ kan. Ibi tí mo ti gbà pé ètò yìí ń gba ìdílé là nìyẹn. Àmọ́ tí àgbà bá ti pé ọdún mẹ́fà, ó ti jáde nínú kíkà, àbúrò á bọ́ sípò àgbà, 95% ẹ̀ á padà sí 80. Ẹ kọ ọjọ́ ìbí ọmọ yẹn síbi tẹ́ ẹ máa rí i.

Ohun kan tún wà tí kò ní jẹ́ kí 44 yẹn rí bí 44. Nínú owó tí ìjọba fẹ́ san, wọ́n máa ń dá 5% dúró sọ́wọ́, torí pé ìdílé ló ń fojú bu owó tó máa wọlé fún ọdún náà. Lára ìdílé tá a ń sọ yìí, bíi 13 dọ́là lóòjọ́ nìyẹn, torí náà 57 ni wọ́n máa rí lójú bíìlì. Owó náà kò sọnù o. Lẹ́yìn tí ọdún bá parí ní ìparí oṣù Kẹfà tí owó orí sì ti wọlé, wọ́n á ṣe ìṣirò àṣepé, tẹ́ ẹ bá fojú bù ú dáadáa, 5% yẹn á padà wá bá yín. Ìmọ̀ràn mi ni pé kẹ́ ẹ fojú bù ú sókè díẹ̀, ẹ má fojú bù ú sísàlẹ̀, tí owó oṣù bá sì yí padà láàárín ọdún, kẹ́ ẹ sọ fún wọn lọ́sẹ̀ yẹn. Àwọn tó ń ṣe àfikún iṣẹ́ alẹ́, àwọn nọ́ọ̀sì pàápàá, ẹ̀yin lọ̀rọ̀ yìí ń bá wí jù, torí owó yín kì í dúró sójú kan.

Àwọn tó kù kíákíá: ọwọ́ jẹ́lé-ó-sinmi ni ìjọba ń san owó náà sí, kì í ṣe sínú àkáǹtì yín, ìyàtọ̀ ni ẹ̀yin ń san. Ọmọ gbọ́dọ̀ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára pé bí ètò wọn ṣe sọ. Tí ọmọ bá ṣàìsàn tí kò lọ, wọ́n ṣì ń san, ó tó ọjọ́ 42 lọ́dún fún ọmọ kọ̀ọ̀kan kó tó di pé wọ́n máa béèrè ìdí. Màmá àgbà tó bá wá láti Kàbà wá bá wọn wo ọmọ nínú ilé, ìjọba kò ní torí ìyẹn san nǹkan kan.

Ẹni tó lọ fi ìwé ìwọ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ kàwé níbẹ̀, ètò yìí kò sí fún un, àyàfi tó bá jẹ́ pé ìjọba Ọsirélíà ló ń gbọ́ bùkátà ẹ̀kọ́ ẹ̀. Ẹ jẹ́ káwọn ọmọ wa tó fẹ́ lọ kàwé pẹ̀lú ọmọ kékeré mọ̀ èyí kí wọ́n tó ta ilẹ̀, torí ohun tí wọ́n máa san ni 150 tàbí 180 yẹn láìdín. Àwọn ajẹ́ǹtì kì í sábà sọ ọ́.

Nípa ẹ̀rọ ìṣirò tó wà lórí Starting Blocks, ó ṣí lórí fóònù mi níbí, nẹ́tíwọ̀kì wa náà ni, ẹ kò sì nílò àkáǹtì kankan láti lò ó. Ẹ máa kọ owó ìdílé, wákàtí iṣẹ́, ọjọ́ orí àwọn ọmọ, irú jẹ́lé-ó-sinmi, owó ojúmọ́ àti iye wákàtí, á sì gbé iye tó yẹ kẹ́ ẹ máa san jáde. Lórí ìkànnì kan náà lẹ ti lè wo iye tí jẹ́lé-ó-sinmi kọ̀ọ̀kan ládùúgbò yín ń gbà, mo kà á sí ohun ńlá, torí níbí ẹ gbọ́dọ̀ rìn láti géètì dé géètì béèrè. Èmi àti àbúrò mi ń yí nǹkan kan ṣoṣo padà nínú ẹ̀, mẹ́wàá di méjìlá, méjìlá di mẹ́sàn-án, a sì ń wo bí owó ṣe ń lọ sókè sódò, ibẹ̀ ló ti yé wa jù. Ẹ má kàn kọ nǹkan sí i lẹ́ẹ̀kan kẹ́ ẹ pa á dé.

Nínú 10, ètò náà gba 8 lọ́wọ́ mi, ẹ̀rọ ìṣirò gba 8, bí wọ́n ṣe ń kéde ẹ̀ fún aráàlú gba 4. Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n ṣe kò le: gbogbo ibi tí wọ́n bá kọ 90% sí, kí wọ́n kọ 14.63 sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ gàdàgbà gàdàgbà, kí ìyá tó ń ka á nínú bọ́ọ̀sì lẹ́yìn iṣẹ́ alẹ́ lè rí i.

Lórí tábìlì mi níbí, mo ní ìwé tí mo ń kọ orúkọ àwọn òbí tó jẹ owó sí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ìyá tó ń tajà, tí wọ́n ń fi ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa kí wọ́n lè rí ọjà tà. Kò sẹ́ni tó ń bá wọn san apá kankan, kò sí ìdá kankan, iye tá a bá dá lé e ni wọ́n máa san, tí kò bá sí, ọmọ á padà sẹ́yìn ìyá lọ́jà. Mi ò sọ pé kí wọ́n gbé ti Ọsirélíà wá sí Kogi bó ṣe rí, a kò ní owó orí tí wọ́n fi ń gbé e, ọ̀pọ̀ òbí wa kò sì ní ìwé owó oṣù tí wọ́n máa fi hàn. Àmọ́ ìjọba ìbílẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ látorí wákàtí bíi mẹ́rin láàárọ̀ ọjọ́ ọjà, kí wọ́n bá àwọn ilé ìwé tó wà nílẹ̀ san ìyẹn nìkan fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Mo ti ṣe ìṣirò tiwa ní ilé ìwé wa, mo sì ti kọ ọ́ sílẹ̀. Kánsẹ́lọ̀ tó bá fẹ́ rí i, kó wá, mo máa ń wà lọ́fíìsì títí di aago mẹ́rin.